Kí ló dé tí àwọn Hausa fi máa ń gbé ojú kan náà ní Adó-Èkìtì?

Òwò ló kọ́kọ́ fà á. Ẹni tó ń ta àlùbọ́sà á wá yàrá sítòsí ibi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù, lọ́dọ̀ ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀, táá sì ta ọjà fún un láwìn. Mọ́ṣáláṣí àti onísúyà á tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni Sábó Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916. Àwa náà ń ṣe é o: ní Sabon Gari, Kano, Yorùbá àti Ígbò ló kún ibẹ̀. Ti àwọn Ẹ̀bìrà l'Ékìtì yàtọ̀ díẹ̀, aba oko ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Láàárín Yorùbá, ẹ̀sìn kì í sábà pín àdúgbò. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì lè jẹ́ ọmọ ìyá nínú agboolé kan.