Kíbọ́ọ̀dù kan fún ìyá tí ń tẹ̀wé àti ọmọ tí ń ta géèmù: súwíìṣì wo ni kí a rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe ní Akoka, nítòsí ẹnu-ọ̀nà UNILAG. Pírọ́jẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ti èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá. Kíbọ́ọ̀dù ara láàpútọ́ọ̀pù mi ti ń kọṣẹ́, mo sì fẹ́ ra èyí tí wọ́n ń pè ní mechanical, tí èmi yóò máa fi ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, tí ọmọ mi ọkùnrin yóò sì máa fi ta géèmù tí wọ́n ti ń yìnbọn nílé wa ní Bariga lálẹ́. Ọmọ náà ní súwíìṣì Blue ni òun fẹ́, nítorí pé ẹni tí ń tà á ní Computer Village sọ fún un pé òun ni ti àwọn ta-géèmù. Ẹlòmíràn ní Red ni kí n rà, ẹlòmíràn ní Brown. Ìka máa ń ro mí bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Èwo ni kí n rà nínú wọn, tí owó mi kò fi ní wọgbó?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà, Mà. N kò ní fi ìdáhùn pamọ́ sí ìsàlẹ̀: ẹ fi Blue sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á. Kíbọ́ọ̀dù tí súwíìṣì rẹ̀ ṣeé fà yọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó wáyà (soldering iron) kàn án ni kí ẹ wá, kí àwọn súwíìṣì tí ó bá a wá sì jẹ́ Brown tàbí èyí tí ó fara jọ ọ́. Bí ẹ bá mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ọlọ́jà kankan ní Otigba, ní Computer Village yẹn, tí yóò fi àwọ̀ lásán yí yín lọ́kàn padà.

Lára irú kíbọ́ọ̀dù yìí, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ni ó ní súwíìṣì tirẹ̀ lábẹ́. Bí ẹ bá ṣí ọ̀kan, ẹ óò rí sípíríǹgì kan, irin pẹlẹbẹ méjì tí kò tíì kan ara wọn, àti ọ̀pá ike kékeré kan tí orí rẹ̀ rí bí àmì àròpọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀pá yìí ni ó di irin kan mú sẹ́yìn; bí ìka bá ti ti ọ̀pá náà wálẹ̀, ẹsẹ̀ náà yóò tú irin yẹn sílẹ̀, irin yóò kan irin, kọ̀ǹpútà yóò sì mọ̀ pé ẹ ti tẹ lẹ́tà. Ìrísí ẹsẹ̀ kékeré yìí ni gbogbo àríyànjiyàn lórí Red, Brown àti Blue dá lé. Ti Red dán bọ̀rọ́, nítorí náà ó ń lọ sílẹ̀ geere láìsí ohun tí ó dí i lọ́nà. Ti Brown ní gegele díẹ̀, tí ìka fi ń mọ̀ ọ́n lára pé lẹ́tà ti wọlé, kí ó tó di pé bọ́tìnnì gbá ìsàlẹ̀. Ti Blue pín sí méjì: ike kékeré kan so mọ́ ọ̀pá rẹ̀, tí ó máa ń já wálẹ̀ lójijì nígbà tí ọ̀pá bá kọjá gegele, ìjábọ́ yẹn ni ó sì ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ tí gbogbo ilé ń gbọ́.

Cherry, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Jámánì kan, ni ó fi àwọ̀ wọ̀nyí dá súwíìṣì MX rẹ̀ mọ̀ sí ara wọn, MX náà sì ti wà láti àwọn ọdún 1980. Nígbà tí àkókò tí òfin fi dáàbò bo iṣẹ́-ọnà náà kọjá, àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà bíi Gateron, Kailh àti Outemu ń ṣe irú rẹ̀ jáde lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n sì mú àwọn àwọ̀ náà lò. Àmọ́ kò sí ohun tí ó de ẹnikẹ́ni mọ́ àwọ̀ kankan. Lọ́dọ̀ Razer, Green ni ó ń dún, Orange ni ó ní gegele, Yellow ni ó dán. Ẹni tí ó bá kàn sọ fún yín pé “Yellow ni èyí” kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ bi í bóyá ó dán, bóyá ó ní gegele, tàbí bóyá ó ń dún, kí ẹ sì bi í bí ó ṣe le tó.

Líle rẹ̀ ni ó kàn yín jù, Mà. Red ti Cherry ń gba agbára tí ó tó ìwọ̀n gíráàmù 45 kí lẹ́tà tó wọlé. Brown ń gba nǹkan bíi 55 níbi gegele rẹ̀, Blue sì ń gba nǹkan bíi 60. Lójú ẹni tí ń tẹ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, ìyàtọ̀ yìí kò jọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó ti pírọ́jẹ́ẹ̀tì olójú-ewé 80 láti àárọ̀ yóò mọ̀ ọ́n lápá kí ilẹ̀ tó ṣú. Iṣẹ́ Yorùbá tilẹ̀ ń gba ìka ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí pé lórí ọ̀pọ̀ ètò kíbọ́ọ̀dù tí a ń lò, ẹ óò tẹ bọ́tìnnì bíi méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó rí “ẹ́” ẹyọ kan gbà, ti lẹ́tà fúnra rẹ̀, ti àmì abẹ́ rẹ̀ àti ti ohùn orí rẹ̀. Súwíìṣì wúwo lábẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìyà àfọwọ́fà.

Ẹ lè wá bi mí pé, bí ó bá jẹ́ pé èyí tí ó fúyẹ́ jù ni ó dára, kí ló dé tí n kò ní kí ẹ ra Red? Àwọn atẹ̀wé kan wà tí wọn kò jẹ́ fi Red sílẹ̀, n kò sì bá wọn jà. Ohun tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn tí iṣẹ́ wọn jọ tiyín ni pé bí wọ́n bá gbé ìka lé bọ́tìnnì láti ka ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ kọ, Red a máa fi lẹ́tà tí wọn kò pè sí ojú-ewé. Láfikún sí i, ẹni tí ìka rẹ̀ kò gbọ́ ìkìlọ̀ kankan máa ń tẹ bọ́tìnnì kan ìsàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà, gbígbá yẹn sì wà nínú ohun tí ń fa ìrora. Gegele Brown ń sọ fún ìka ibi tí ó ti yẹ kí ó padà. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń fi Brown ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní gegele rẹ̀ kéré débi pé kò yàtọ̀ sí Red tí iyanrìn wọ̀. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ purọ́, ṣùgbọ́n fún ọwọ́ tí ó ti rẹ̀, mo fẹ́ èyí tí ó kéré ju èyí tí ó pọ̀ lọ.

Ó wá kan ọmọ yín. Ọ̀pọ̀ súwíìṣì wọ̀nyí ń rin mìlímítà 4 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Red àti Brown ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní mìlímítà 2, Blue ní 2.2, èyí tí wọ́n sì dìídì ṣe fún eré kíákíá, tí Cherry pè ní Speed Silver, ń fi ránṣẹ́ ní nǹkan bíi 1.2. Nínú gbogbo wọn, Blue gan-an ni kò bá géèmù ìbọn mu tó bí wọ́n ti ń polówó rẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́dọ̀ padà gòkè kọjá ibi tí ó ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ kí ó tó lè gba títẹ̀ mìíràn. Ẹni tí ó fẹ́ tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́ẹ̀mejì wàrà-wàrà yóò rí i pé ó ń fa òun sẹ́yìn. Ẹ fi kún un pé ohùn rẹ̀ yóò wọ inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ọmọ náà fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, yóò sì gba inú ògiri kọjá sí yàrá kejì lálẹ́, nígbà tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti sùn. Rọ́bà róbótó kékeré tí wọ́n máa ń tà pé kí ẹ fi sábẹ́ bọ́tìnnì kò ní pa ohùn yẹn, nítorí pé gbígbá ìsàlẹ̀ ni ó ń dín kù, ike tí ń já bọ́ nínú Blue kò sì sí ní ìsàlẹ̀. Ní ti Brown, bí wọ́n bá pa ọmọ náà nínú géèmù, kí ó má dá súwíìṣì lẹ́bi, kí ó kọ́kọ́ wo dátà fóònù tí ó fi ń ta á. Ìdádúró tí ń bẹ níbẹ̀ ju ohun tí mìlímítà kan lè fà lọ fíìfíì.

Nítorí pé súwíìṣì náà yóò ṣeé fà yọ, ọmọ náà lè ní kí ẹ fi Red sábẹ́ W, A, S àti D nìkan, èyí tí ó fi ń rìn nínú géèmù. Ó ṣeé ṣe, àwọn kan sì ń ṣe é. N kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀, nítorí pé A àti S wà lára lẹ́tà tí ẹ ń tẹ̀ jù, ìka yín kò sì ní mọ èyí tí yóò gbà gbọ́ nínú Brown àti Red tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kí ó má sì sọ pé òun yóò máa pààrọ̀ wọn lálẹ́ kí òun dá wọn padà láàárọ̀. Ẹsẹ̀ irin méjì abẹ́ súwíìṣì tín-ín-rín, wọ́n máa ń tẹ̀ bí a kò bá kì wọ́n bọhò gbọọrọ.

Ìwúlò fífà-yọ fún yín ni ti àtúnṣe. Ẹ̀fúùfù oníyọ̀ láti ọ̀sà, ekuru ọyẹ́ àti tíì oníṣúgà a máa ba ojú irin inú súwíìṣì jẹ́, tí yóò fi máa gbọ̀n bí ó bá kan èkejì rẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì ka títẹ̀ kan sí méjì. Obìnrin kan gbé irú rẹ̀ wá bá mi láti Lafiaji: “ọmọ” ń di “ọmmọ” lórí gbogbo ojú-ewé. Nígbà tí mo yọ súwíìṣì M tí mo sì ṣí i, omi ṣúgà ti gbẹ mọ́ irin méjèèjì, ó ti dúdú, ekuru sì ti bò ó bí irun. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti jó o mọ́ pánẹ́ẹ̀lì ni, iṣẹ́ irin gbígbóná ni ìbá gbà. Ẹyọ kan ni a kàn fà yọ tí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí obìnrin náà tó mu omi tán. Bí ẹ bá rí Brown tí Kailh ṣe, tí wọ́n pè ní Box, ẹ mú un, nítorí pé wọ́n ṣe àpótí kékeré yí irin náà ká láti dènà ekuru.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ gbé láàpútọ́ọ̀pù yín dání. Ẹ fi ohun ìyọ-bọ́tìnnì ṣí bọ́tìnnì kan kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, nítorí pé ọ̀pọ̀ páálí tí wọ́n kọ “mechanical feel” sí lára, rọ́bà ni ó wà nínú rẹ̀: bí ẹ kò bá rí àpótí kékeré tí ọ̀pá onírìísí àròpọ̀ yọ lórí rẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ ní kí wọ́n fa súwíìṣì kan yọ níṣojú yín. Ẹ béèrè bóyá ihò rẹ̀ gba ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tàbí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nìkan (a lè gé ẹsẹ̀ ike méjì tí ó lé dànù, nítorí náà kò ṣe pàtàkì púpọ̀), kí ẹ sì béèrè bóyá ó gba ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, torí pé àwọn kan wà tí ihò wọn kò gbà ju ẹsẹ̀ tín-ín-rín ti Outemu lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Notepad, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan léraléra, kí ẹ sì tẹ igun méjèèjì bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀, èyí tí ó sábà máa ń há tàbí kí ó máa pariwo.

Kíbọ́ọ̀dù yìí ga ju ti láàpútọ́ọ̀pù lọ, nítorí náà ẹ wá nǹkan pẹlẹbẹ gbé ọrùn-ọwọ́ yín lé tàbí kí ẹ gbé àga yín ga díẹ̀. Bí ìka bá ṣì ń ro yín tàbí tí ó ń kú tipiri lóru lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dọ̀ dókítà ni ọ̀rọ̀ kàn, kì í ṣe ọ̀dọ̀ èmi. Ní ti kíbọ́ọ̀dù tí súwíìṣì rẹ̀ ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́, tí ọmọ yín yóò gbọ́ nípa rẹ̀ láìpẹ́, irú èyí tí Wooting ti ilẹ̀ Netherlands ń ṣe, tí ènìyàn lè fúnra rẹ̀ yan ibi tí lẹ́tà yóò ti wọlé, nǹkan gidi ni fún géèmù. Àmọ́ ó sábà máa ń dán bíi Red, súwíìṣì lásán kò sì ṣeé fi rọ́pò rẹ̀. Kí ó fi owó tirẹ̀ rà á nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́.