Ọkọ Mi Ló Ṣe Vasectomy, Èmi Ni Wọ́n Ń Gbé Àgbo Fún

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 38 ni mí, Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ìyàwó àkọ́fẹ́ rẹ̀ bí ọmọ mẹ́ta fún un kí wọ́n tó kọ ara wọn sílẹ̀. Ó di ọdún 11 báyìí tó lọ ṣe vasectomy, iṣẹ́ abẹ tí kì í jẹ́ kí ọkùnrin bímọ mọ́, nígbà tí àwọn méjèèjì gbà pé ọmọ ti tó. Ó sọ fún mi kí a tó ṣègbéyàwó, mi ò lè sọ pé ó tàn mí. Ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má sọ. Ìyá rẹ̀ ń fi àgbo ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn, wọ́n tiẹ̀ bi mí bóyá mo ti ṣẹ́yún rí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kúkú lọ gba oyún níta, pé ta ni yóò mọ̀? Ọkọ mi ti wá gbà báyìí pé ká bímọ, ó ní òun máa lọ tú u. Ṣé ó ṣeé tú? Ibo ni ká gbà?
Ìyàwó Alágbo

Ìyàwó Alágbo, àbúrò mi, orúkọ tí o fún ara rẹ pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo ka lẹ́tà náà dé ìdí, ẹ̀rín ò wá mọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ̀rẹ́ rẹ lóhùn. Ọkùnrin tó mọ̀ pé wọ́n ti gé òun, tí ìyàwó rẹ̀ wá gbé oyún wọlé, "ta ni yóò mọ̀" wo ló tún kù níbẹ̀? Òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Má tẹ̀ lé e.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé vasectomy ti pa nǹkan kan lára ọkùnrin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kórópọ̀n rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, irúgbìn ọmọ ṣì ń ti ibẹ̀ wá. Ọ̀nà tí irúgbìn náà ń gbà bọ́ sínú àtọ̀ ni wọ́n gé tí wọ́n sì dí, èyí tí kò bá rọ́nà lọ, ara á fà á mu padà. Nítorí náà, yálà kí ẹ tún ọ̀nà náà ṣe, tàbí kí ẹ lọ bá irúgbìn nílé rẹ̀.

O bèèrè bóyá ó ṣeé tú. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ títú kọ́ ni, rírán ni. Abẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá ni oníṣẹ́ abẹ ti ń ṣe é, òwú tó fi ń rán an tínrín ju irun orí lọ. Bó bá ti gé ibi tí wọ́n dí, ẹ̀kán omi kan á yọ láti ọ̀dọ̀ kórópọ̀n, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀. Bí omi náà bá mọ́ gaara tí irúgbìn sì wà nínú rẹ̀, wọ́n á so ẹnu méjèèjì pọ̀. Bó bá ki bí ọṣẹ ìfọyín tí kò sí irúgbìn kankan níbẹ̀, a jẹ́ pé ibòmíràn tún ti dí lẹ́yìn kórópọ̀n, wọ́n sì ní láti gbé ọ̀pá tí irúgbìn ń gbà lọ rán mọ́ ẹ̀yìn kórópọ̀n níbẹ̀. Ìyẹn le ju ti àkọ́kọ́ lọ, kì í ṣe gbogbo oníṣẹ́ abẹ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi í léèrè: bí ẹ bá bá èyí tó ki pàdé, ṣé ẹ lè ṣe é?

Iye ọdún náà tún ṣe pàtàkì. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde ní 1991. Nínú àwọn tí vasectomy wọn kò tíì pé ọdún 3, irúgbìn padà sínú àtọ̀ àwọn 97 nínú 100, ìyàwó 76 nínú 100 sì lóyún. Ní ọdún 9 sí 14, níbi tí ọkọ rẹ wà, irúgbìn padà fún 79, ṣùgbọ́n 44 ló lóyún. Ọ̀nà ṣí o, ọmọ ò dé. Wo àlàfo yẹn dáadáa, nítorí ìwọ náà wà nínú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o dì mú jù nìyí: kí ẹnikẹ́ni tó fi abẹ kan ọkọ rẹ, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò. Kí wọ́n wo bí ẹyin ṣe kù sí nínú rẹ, kí wọ́n sì wò ó bóyá ọ̀pá tí ẹyin ń gbà lọ sílé ọmọ là gaara. Bí ọ̀pá rẹ bá dí, ẹ lè ná gbogbo owó yín sórí ọkọ kó má já sí nǹkan kan. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ pàápàá, irúgbìn lè gba oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn tó ọdún kan, kó tó padà. Ọdún kan ní ọdún 38 kì í ṣe ọdún kan ní 28.

Bí ẹyin bá ti ń dín kù, ẹ má dúró de ọ̀nà. Ẹ lọ bá irúgbìn nílé rẹ̀. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fà á láti ẹ̀yìn kórópọ̀n tàbí láti inú rẹ̀, wọ́n á mú ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún un sínú ẹyin rẹ. ICSI ni wọ́n ń pè é, Brussels ni wọ́n ti kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní 1992. Ọdún 11 ọkọ rẹ kò fi bẹ́ẹ̀ dí ìyẹn lọ́wọ́. Ìwọ ni ìnira rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ: abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n tó kó ẹyin. Bó bá sì jẹ́ pé ẹyin rẹ ṣì dára, tí ẹ ń fẹ́ ju ọmọ kan lọ, èmi á ní kí ẹ rán an, kí ẹ sì ní kí wọ́n gba irúgbìn díẹ̀ sínú yìnyín lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà gan-an, nítorí bí kò bá yọrí, ẹ ò ní í tún padà sábẹ́ abẹ.

NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í sábà sanwó fún èyíkéyìí nínú méjèèjì fún ẹni tó ti ṣe vasectomy, ẹ yáa múra owó sílẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn tó níwèé àṣẹ fún ICSI wà lójú òpó HFEA, àjọ tó ń fún wọn níwèé àṣẹ náà, ẹ yẹ̀ wọ́n wò níbẹ̀. Ti irúgbìn ẹlòmíràn, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ọkọ rẹ ní tirẹ̀.

Àmọ́ ìyá ọkọ rẹ ni mo ń rò látàárọ̀. Ọmọ wọn ti bí mẹ́ta, kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n rò ju pé ìwọ ni kò lè bí? Mi ò bá wọn jà. Ọkọ rẹ ni mò ń bá jà. Ó fi àṣírí ara rẹ̀ dì ọ́ lẹ́rù, ó sì ń wò ọ́ bí o ṣe ń gbé àgbo mì. Kó pe ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má ṣe jẹ́ ìwọ, kó má sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe é: "Màámi, èmi ni mo lọ ṣètò pé n ò bímọ mọ́ kí n tó fẹ́ ẹ. Ọ̀dọ̀ mi lọ̀rọ̀ wà." Wọ́n lè bínú. Kí wọ́n bí i sí ọmọ wọn.

Má mu àgbo náà mọ́ láti òní. O kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àwọn abẹ́rẹ́ tó ń bọ̀ kò sì yẹ kó bá a pàdé nínú ara rẹ. Sọ fún dókítà pé o ti ń mu ún, má tijú. Fólíìkì ásíìdì ni kí o máa lò, 400 màìkírógíráàmù lóòjọ́. Ìgò tó bá kù nínú fìríìjì, má fọwọ́ kàn án. Jẹ́ kí ọkọ rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ dà á nù lọ́jọ́ tó bá pe ìyá rẹ̀ tán.