Èéfín Gàrí àti Ojú Ewé Kan Ṣoṣo

ÌBÉÈRÈ

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Mo kọ̀wé béèrè owó ìwádìí lórí èéfín tó ń bá àwọn obìnrin tó ń yan gàrí fínra. Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní èròǹgbà iṣẹ́ náà gbòòrò jù, àti pé ohun tí a ó mọ̀ nígbà tí owó bá tán kò hàn sí wọn. Èròǹgbà mẹ́ta ni mo kọ: láti ṣèwádìí nípa èéfín níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí, láti yẹ ìlera ẹ̀dọ̀fóró àwọn obìnrin náà wò, láti dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ nípa ewu èéfín. Ọdún méjì ni mo ní màá fi ṣe é. Ṣé òyìnbó mi ni kò jinlẹ̀ tó? Mo fi gbogbo ìwé náà ránṣẹ́ sí yín.

Àbúrò yín, Ṣàgámù

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, òyìnbó rẹ dára. Mo ka ìwé náà tán, mo tún padà kà á. Ohun tó dá mi padà wà lójú ewé 7, níbi tí o ti sọ pé o jókòó ti àwọn ìyá náà lábẹ́ àtíbàbà wọn fún ọjọ́ mẹ́rin lásìkò òjò. O ní nígbà tí igi ìdáná bá tutù, wọn kì í lè jókòó sójú kan. Bí èéfín bá ti yí, wọn á sún àpótí ìjókòó, ọmọ tí wọ́n pọ̀n á sì bá wọn yí. Mo rí wọn bí mo ṣe ń kà á. Ojú ewé 7 lo wá fi í pamọ́ sí! Lójú ewé kìíní, mílíọ̀nù 3.2 lo fi ṣílẹ̀kùn.

Iye yẹn tọ̀nà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ló ṣírò rẹ̀ pé iye ènìyàn tí èéfín ìdáná inú ilé pa lọ́dún 2020 tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yẹ ìwé rẹ wò ti mọ̀ ọ́n. Ó ti rí i nínú ìwé tó kà ṣáájú tìrẹ, yóò sì tún bá a pàdé nínú èyí tó kàn. Ohun tí ìwọ nìkan rí, òun ni kò mọ̀.

Má sì fojú kékeré wo ibi tí nǹkan wà nínú ìwé. Ní NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fúnni lówó ìwádìí ìlera, ojú ewé kan péré ni wọ́n gbà fún èròǹgbà, nígbà tí àlàyé iṣẹ́ fún R01, irú owó ìwádìí wọn kan, lè gba ojú ewé 12. Ènìyàn bíi mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbé ìwé kan fún láti kà délẹ̀délẹ̀. Àwọn yòókù nínú ìgbìmọ̀, tí àwọn náà máa fún un ní máàkì, ojú ewé èròǹgbà yẹn ni púpọ̀ nínú wọn ń wò bí ọ̀rọ̀ bá ti délẹ̀. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, kò sí níwájú wọn.

Ó yá, ká wá sórí èròǹgbà mẹ́ta rẹ. “Láti ṣèwádìí nípa èéfín.” Ìwádìí lo ń tọrọ owó fún, a ti gbọ́, kí la ó mọ̀ tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Fi òyìnbó sílẹ̀ ná. Ká ní ìyá kan wà nídìí agbada, tó ń fi igbá ro gàrí, tí omi ń dà lójú rẹ̀, tí kò sì ráyè ọ̀rọ̀ gígùn. O ò ní sọ fún un pé o wá ṣèwádìí nípa èéfín. Wàá ní: “Ìyá, mo fẹ́ mọ bí èéfín tó ń wọ inú yín láti àárọ̀ títí ẹ ó fi palẹ̀ mọ́ ṣe pọ̀ tó, àti bóyá ti ìgbà òjò ju ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ.” Èròǹgbà kìíní nìyẹn. Túmọ̀ rẹ̀ sí òyìnbó bó ṣe rí. Kí o fi òṣùwọ̀n tì í: ẹ̀rọ kékeré tí ìyá yóò so mọ́ aṣọ láyà, tó ń ka PM2.5, ìyẹn èérún tó kéré débi pé ó ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún. Lọ́dún 2021, WHO sọ pé kó má ju máíkírógíráàmù 15 lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan láàárín wákàtí 24. Òǹkàwé ti wá ní ohun tó lè fi tìrẹ wé.

“Ìlera ẹ̀dọ̀fóró” fẹ̀ bí ọjà. Sọ ohun tí o rò pé wàá bá: pé bí ọdún tí ìyá kan ti fi yan gàrí bá ṣe pọ̀ tó ni èémí rẹ̀ yóò ṣe dín kù tó, ju bí ọjọ́ orí nìkan ṣe lè dín in kù lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, spirometer tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí yóò já ọ nírọ́. Jẹ́ kó lè já ọ nírọ́. Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń wá.

Ìkẹta, yọ ọ́. Ó ń dun mí láti sọ ọ́, torí mo rí i pé àwọn ìyá yìí wà lọ́kàn rẹ. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà lè wà níbi tí o ti ṣàlàyé bí èsì yóò ṣe padà sọ́dọ̀ wọn. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n yẹn ni kó gba àyè ẹ̀: ẹ̀rọ kejì lára ọ̀já, níbi tí imú ọmọ wà, láti mọ èyí tó ń kàn án nínú èéfín ìyá rẹ̀.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi yan ìyẹn. Ní 1996, àtọ̀sí ajá ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Èròǹgbà mi kìíní ni kí n rí ìgbín odò tó ń gbé kòkòrò àrùn náà. Ìkejì, kí n mọ iye ìgbín tí kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ìkẹta, kí n fi wé ohun tó wà nínú ìtọ̀ àwọn ọmọ iléèwé. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kọ gbólóhùn kan péré sí i: “Bí kò bá sí ìgbín ńkọ́?” Ó dùn mí fún ọ̀pọ̀ oṣù, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Mo ti so gbogbo rẹ̀ kọ́ ọrùn ìgbín. Tìrẹ ní báyìí, bí èémí àwọn ìyá bá tiẹ̀ dá ṣáká, iye èéfín ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, ti ọmọ náà ṣì wà.

Nítorí náà, àtíbàbà lásìkò òjò ni kó jẹ́ gbólóhùn àkọ́kọ́. Bí o bá ti tú àwọn ìwé tó wà nílẹ̀ dáadáa, tí o kò rí ẹni tó ti wọn ti ọmọ tí wọ́n pọ̀n, sọ ọ́ ní gbólóhùn kejì. Mílíọ̀nù 3.2 lè wá tẹ̀ lé e, bí àyè bá ṣẹ́ kù.