Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Dígí Tuntun Ni Yóò Jẹ́ Kí N Rí Apá Andromeda?

Ìbéèrè: Mo ra tẹlisikóòpù kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 70, tí wọ́n kọ "ìlọ́po 525" sára páálí rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń mú kí nǹkan tóbi lójú ní ìlọ́po 525. Mo fi wo Andromeda láti ẹ̀yìnkùlé wa ní Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n bí èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo rí i, láìsí àwọ̀, láìsí apá lílọ́ tó wà nínú àwòrán. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n ra dígí mìíràn, èyí tí a ń gbójú lé, tí yóò sọ ọ́ di ìlọ́po 675. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Tẹlisikóòpù yín kò bàjẹ́. Èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ rí yẹn gan-an ni Andromeda. Gálásì ni, ìyẹn agbo ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀ tí apá rẹ̀ lọ́ bí ìkarahun ìgbín, ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú yín lálẹ́ ọjọ́ náà sì ti wà lójú ọ̀nà fún nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ọdún.

Lemọ́lemọ́ ni irú ìbéèrè yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń fi nọ́ńbà ara páálí gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ẹnu tẹlisikóòpù ni ó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Dígí tí a ń gbójú lé kàn ń na ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ẹnu náà kó ni. Bí ẹ bá da epo ṣíbí kan sínú ìkòkò ọbẹ̀ ńlá, ọbẹ̀ náà kò ní pupa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ tí a nà jù ṣe ń ṣú. Ìlọ́po méjì fún mìlímítà kọ̀ọ̀kan tí ẹnu tẹlisikóòpù fẹ̀ ni òpin ohun tó wúlò, nítorí náà 140 ni ti yín, kì í ṣe 525. Andromeda fúnra rẹ̀ gùn lójú ọ̀run tó nǹkan bí òṣùpá mẹ́fà tí a tò síra wọn. Kí ni ẹ fẹ́ fi ìlọ́po 675 ṣe lára ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀? Al-Sufi, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Páṣíà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 964 pé ó dà bí ìkùukùu kékeré, ojú lásán ni ó sì fi rí i.

Ní ti àwọ̀, kámẹ́rà lè kó ìmọ́lẹ̀ jọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ṣùgbọ́n ojú wa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í dá àwọ̀ mọ̀ dáadáa nínú òkùnkùn. Ní ti apá, Andromeda dẹ̀gbẹ́ sí wa, ìyẹn sì mú kí apá rẹ̀ ṣòro láti rí. Ẹni tó kọ́kọ́ rí apá lílọ́ lára gálásì kankan ni Lord Rosse, ní Ireland, ní 1845. Gálásì mìíràn tí a ń pè ní M51 ni ó wò, dígí ńlá tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ nínú tẹlisikóòpù rẹ̀ sì fẹ̀ tó mítà 1.8.

Ẹ dúró di oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò bá ti ń lọ tí ọyẹ́ kò sì tíì gbé eruku dé, ní alẹ́ tí kò sí òṣùpá. Erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú ṣókùnkùn ju àárín ìlú lọ, ṣùgbọ́n ẹ má dá nìkan lọ, ẹ má sì wọ ọkọ̀ ojú omi láìwọ ẹ̀wù amúniléfòó. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ kọjú sí àríwá, ẹ wá ìràwọ̀ márùn-ún Cassiopeia tó tò bí lẹ́tà M. Ṣóńṣó rẹ̀ ti apá òsì tọ́ka sókè sí Andromeda, ó sì jìnnà sí i tó ẹ̀ṣẹ́ kan àbọ̀ bí ẹ bá na apá tán. Ẹ fi fóònù sápò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ojú lè mọ́ra, ẹ lo dígí ìgbójúlé tí nọ́ńbà mìlímítà ara rẹ̀ tóbi jù, nítorí òun ni ìlọ́po rẹ̀ kéré jù, kí ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ gálásì náà dípò àárín rẹ̀. Ẹ óò rí i tí yóò mọ́lẹ̀ sí i.

Ẹ má dojú tẹlisikóòpù náà kọ oòrùn láé, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé mú un jáde lọ́sàn-án. Ìṣẹ́jú àáyá kan tó láti fọ́ ojú.