Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì fowó oògùn ránṣẹ́ sí oko ẹ̀gẹ́ yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àjò o. Bí mo ṣe ka ohun tẹ́ ẹ kọ láti Kánádà, pé orí ẹ̀gẹ́ yín ní Òrù ti ṣù pọ̀, pé nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun bo abẹ́ ewé, àti pé àbúrò yín ń bèèrè owó oògùn, àyà mi já. Bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn lórí ilẹ̀ bàbá mi lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ọ́fíìsì àgbẹ̀ kan ni mo kọ́kọ́ pè. Wọ́n ní ká wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àbúrò mi lọ, kò bá ẹnì kankan. Wọ́n ní ká fowó ọ̀kadà ránṣẹ́ káwọn lè wá wo oko, mo fi ránṣẹ́, wọn ò yọjú títí òjò fi dé. Ó ṣì ń dùn mí, torí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló yẹ kí wọ́n bá wa sọ. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló là mí lójú. Ó ní kí n pe àbúrò mi lórí fídíò, kó yí ewé padà, kó sún fóònù mọ́ ọn.

Funfun yẹn kì í ṣe àrùn, kòkòrò ni, ìda ló fi bo ara. Abo ni gbogbo wọn, wọn kì í wá akọ kí wọ́n tó yé. Ẹyọ kan lè yé tó 400 ẹyin sínú àpò kan tó dà bí òwú. Láàárín bí ọjọ́ mẹ́jọ, ẹyin á pa. Àwọn ọmọ tín-ín-tìn-ìn yẹn ló ń rìn, afẹ́fẹ́ sì ń gbé wọn dé oko ẹlòmíràn. Tí wọ́n bá ti gún ẹnu bọ ọ̀mùnú, wọ́n á jókòó máa fa omi ara ẹ̀gẹ́, orí rẹ̀ á sì kákò. Tó bá fi máa tó bí oṣù kan, àwọn náà ti ń yé. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ọjà wọn; òjò ńlá máa ń fọ̀ wọ́n dànù.

Ibi tí owó mi ti wọgbó ni igi ẹ̀gẹ́ tá a fi gbìn. Òjò rọ̀, ẹ̀gẹ́ rúwé padà, a rò pó ti tán. Àbúrò bàbá mi wá gé igi lára oko yẹn gan-an fún wa láti gbìn sí ilẹ̀ éékà méjì. Ọ̀fẹ́ ni, inú mi dùn. Àṣé àwọn kòkòrò ti wọ ojú igi, níbi tí ewé ti ń yọ. Nígbà tí oṣù kìíní dé, éékà méjèèjì ti funfun. Iṣu tá a hú tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọwọ́, ìyá tó ń bá wa yan gàrí wò ó, ó ní òun ò lè gbé e. Owó ìro, owó ebè, owó oko ríro, gbogbo rẹ̀ lọ nítorí igi tí a kò rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba igi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ẹbí, láìjẹ́ pé ẹni tẹ́ ẹ gbọ́kàn lé ti yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá kan dandan, kí wọ́n po omi híhó àti omi tútù ní ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n ri igi sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí wọ́n gbìn ín lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n gbìn ín níbẹ̀rẹ̀ òjò, kó lágbára kí ẹ̀ẹ̀rùn tó bá a.

Oògùn tí àbúrò yín ń sọ? Ìda yẹn kì í jẹ́ kó wọlé dáadáa. Èyí tó burú jù ni pé ó ń pa ẹni tó ń bá wa gbógun ti kòkòrò náà. Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkòrò yìí ti wá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Agbọ́n kékeré kan tí wọ́n rí ní Paraguay ni IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tó wà n'Ìbàdàn, tú sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1981. Inú kòkòrò yẹn ló ń yé sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú. Ẹ ní kí àbúrò yín wá kòkòrò funfun tó ti gbẹ, tó wú, tó pọ́n bí ilẹ̀, tó ní ihò róbótó lára. Bó bá rí i, agbọ́n ti wà lóko yín nìyẹn, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọ́n nǹkan kan síbẹ̀. Kó kàn gé àwọn orí tó ti bàjẹ́ jù, kó sun ún.

Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gẹ́ tó ti dàgbà máa ń là á já. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ìyeyè tó to kálẹ̀ lára ewé ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, àrùn ni, eṣinṣin funfun ló ń kó o ràn, kò sì sí oògùn rẹ̀. Ẹ wá igi TME 419, irú ẹ̀gẹ́ tí àrùn yẹn kì í tètè mú. Ẹ gbé fọ́tò abẹ́ ewé náà síbí lálẹ́ òní, n ó bá yín wò ó.