Ṣé lóòótọ́ ni pé gbólóhùn èdè Tsẹ́kì kò ní ètò?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú èdè Tsẹ́kì ní Prague tàbí Brno, ìlú méjì ní orílẹ̀-èdè Tsẹ́kì, mo sì ti ń sanwó fún olùkọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ó ní kí n há ìparí àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ sórí, kí n má da ara mi láàmú lórí síńtáàsì, ìyẹn ètò ọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn, nítorí pé bó bá ṣe wu ènìyàn ni ó ṣe lè to ọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn wọn. Ṣé òótọ́ ni? Èló sì ni owó ilé-ìwé? Ọ̀kan nínú àwọn gbólóhùn tí mo kọ tí ó ní ó dára nìyí: Dnes já učím se česky, ìyẹn ni pé mo ń kọ́ èdè Tsẹ́kì lónìí.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jẹ́ kí n yára mú ti owó kúrò nílẹ̀, kí n lè ráyè fún èyí tó ń bí mi nínú. Ní àwọn yunifásítì ìjọba níbẹ̀, ẹni tí ó bá fi èdè Tsẹ́kì kẹ́kọ̀ọ́ kì í san owó ilé-ìwé, ìbáà jẹ́ ọmọ ìlú tàbí àlejò, bí kò bá ṣáà ti pẹ́ ju àkókò tí òfin fún un lọ. Wọ́n sábà máa ń bèèrè ẹ̀rí pé o gbọ́ èdè náà dé ìwọ̀n B2 (ìkẹrin nínú ìwọ̀n mẹ́fà tí a fi ń díwọ̀n ìmọ̀ èdè ní Yúróòpù), ó kéré tán. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni akọ̀wé ìgbaniwọlé, ìlànà a sì máa yí padà, nítorí náà ẹ̀ka tí o fẹ́ wọ̀ gan-an ni kí o kọ̀wé sí kí o tó ná kọ́bọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ. Ìdajì òtítọ́ ni ó sọ fún ọ, ìdajì tó kù ni yóò sì gba máàkì lọ́wọ́ rẹ nínú ìdánwò. Nínú èdè Yorùbá, ipò ni a fi ń mọ olùwà yàtọ̀ sí àbọ̀: ajá gé Petr jẹ, Petr gé ajá jẹ, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ní ti Tsẹ́kì, ìparí ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Pes kousl Petra àti Petra kousl pes, ajá náà ni ó gé Petr jẹ nínú méjèèjì, nítorí pé -a tí a fi kún ìparí Petr ti sọ ọ́ di àbọ̀. Ibí yìí ni olùkọ́ rẹ ti rí i pé ọ̀rọ̀ ń sún kiri, ó sì parí èrò síbẹ̀ pé kò sí òfin.

Òfin wà. Bí ẹnìkan bá bèèrè pé ta ni ajá gé jẹ, Pes kousl Petra ni ìdáhùn. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó gé Petr jẹ ni ó fẹ́ mọ̀, Petra kousl pes ni, èyí tí àwa máa ń fi gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́ sọ: ajá ni ó gé Petr jẹ. Ohun tí a ti mọ̀ ni wọ́n ń fi ṣáájú, tí ohun tuntun yóò sì gbẹ̀yìn. Àwa ń gbé tiwa síwájú, a ó sì fi "ni" tì í. Àwọn ń dá tiwọn dúró de ìparí. Tún wo Na stole je kniha, ìwé kan wà lórí tábìlì, àti Kniha je na stole, ìwé náà wà lórí tábìlì. Kò pọn dandan kí wọ́n lo ọ̀rọ̀ bíi "kan" tàbí "náà", ipò ọ̀rọ̀ ni ó sábà ń sọ èyí tí a ní lọ́kàn. Vilém Mathesius, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Èdè ti Prague sílẹ̀ ní 1926, kọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí ní 1939, Jan Firbas sì tẹ̀síwájú nínú rẹ̀ ní Brno. Aktuální členění větné ni wọ́n ń pè é, ìyẹn pípín gbólóhùn sí ohun tí a ti mọ̀ àti ohun tuntun. O kò lè kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú méjèèjì yìí kí o má bá a pàdé.

Síbẹ̀, ibi tí mo ti ń rí àṣìṣe jù ni příklonky, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi jsem (tó ń fi "mo" hàn), se (ara ẹni), mu ("fún un") àti ho ("i" inú "rí i"), tí kò lè dá dúró, tí wọ́n gbọ́dọ̀ fara ti ohun kan. Ipò kejì ni àyè wọn nínú awẹ́-gbólóhùn. Včera jsem ho viděl, mo rí i lánàá, dára. Viděl jsem ho včera náà dára. Včera viděl jsem ho kò dára. Kí o sì má ka ọ̀rọ̀ ní oókan, eéjì, nítorí àpólà, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan, ni a ń kà. Nínú Můj starší bratr z Brna se včera vrátil, ìyẹn ni pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wá láti Brno padà dé lánàá, odindi ọ̀rọ̀ márùn-ún ni ó ṣáájú se, ipò kejì náà sì ni ó wà, nítorí pé àpólà-orúkọ kan ṣoṣo ni márààrún. Ọ̀rọ̀-àsopọ̀ že, tí í ṣe "pé", gba ipò kìíní, ni a fi ń sọ pé že jsem ho viděl. Ṣùgbọ́n a, tí í ṣe "àti", kì í sábà gbà á: a viděl jsem ho. Bí wọ́n bá sì pọ̀, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń tò tẹ̀ lé ara wọn: jsem ni yóò ṣáájú, lẹ́yìn náà se, lẹ́yìn náà mu, kí ho tó dé. Níbo ni ti "bó bá ṣe wu ènìyàn" wà nínú èyí?

Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí ju ẹlòmíràn lọ. A kì í sọ pé "mi ni ó rí". "Èmi ni ó rí" ni a ń sọ, nítorí pé "mi" kò lágbára tó láti ṣáájú gbólóhùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ho kì í ṣe é ṣáájú, jeho ni yóò gba ipò rẹ̀: Jeho jsem viděl, òun ni mo rí. (Bí o bá dé Prague, o lè gbọ́ Jsem ho viděl lẹ́nu àwọn ènìyàn nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Má kọ ọ́ sínú ìdánwò.)

N kò mọ olùkọ́ rẹ, n kò sì lè sọ pé kò mọ nǹkan mìíràn kọ́ni, ṣùgbọ́n bí owó náà bá jẹ́ tèmi, n kò ní san ti oṣù karùn-ún. Mú ìròyìn kúkúrú kan lójúmọ́, fa ìlà sábẹ́ gbogbo příklonky inú rẹ̀, kí o sì bi ara rẹ léèrè ìbéèrè tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń dáhùn. Nígbà tí wọ́n bá wá gbé větný rozbor ka iwájú rẹ, ìyẹn títú gbólóhùn palẹ̀ sí olùwà, àbọ̀ àti ìyókù, kò ní ṣàjèjì sí ọ.

Ní ti gbólóhùn rẹ: Dnes se učím česky. Se bọ́ sí ipò kejì, já sì jáde, nítorí pé -ím ti sọ pé ìwọ ni.