Kí o tó san owó ilé ẹ̀kọ́ PTA: èsì sí ìbéèrè àbúrò mi ní Houston

Àbúrò mi, mo fara balẹ̀ ka ìbéèrè rẹ. O ní o ti pé ọmọ ọdún 34, o kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú báọ́lọ́jì ní Nàìjíríà, o ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn báyìí, ilé ẹ̀kọ́ kan sì ti fún ọ di ọjọ́ Ẹtì láti san owó tí wọn yóò fi di àyè mú fún ọ. O fẹ́ mọ̀ bóyá èrè iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ oníṣẹ́ físíò, èyí tí wọ́n ń pè ní PTA níhìn-ín, tó ọdún méjì àti owó tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ. Láti ọdún 2016 ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà ní ìpínlẹ̀ Texas. Ní tèmi, èrè rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí o bá wọ̀ àti irú ibi tí o bá ti ń ṣiṣẹ́ ni yóò sọ bí yóò ṣe rí fún ọ.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni kí n kọ́kọ́ sọ, nítorí ibẹ̀ ni mo ti fara gba ọgbẹ́. Kò sí ìpínlẹ̀ kankan ní Amẹ́ríkà tí PTA ti lè ṣiṣẹ́ láìní ìwé àṣẹ. Kí ẹni tó kàwé níhìn-ín tó rí ìwé àṣẹ gbà, ó gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò FSBPT, àjọ tó kó àwọn ìgbìmọ̀ ìwé àṣẹ físíò ti ìpínlẹ̀ gbogbo jọ, kí ó sì tó lè jókòó fún ìdánwò yẹn, ètò ẹ̀kọ́ tó ti jáde gbọ́dọ̀ ní ìfọwọ́sí CAPTE, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ètò ẹ̀kọ́ físíò wò. Ìfọwọ́sí yìí yàtọ̀ sí èyí tí kọ́lẹ́jì fúnra rẹ̀ ní, èmi kò sì mọ ìyàtọ̀ náà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan gba $11,000 lọ́wọ́ mi fún sáà méjì. Wọ́n sọ fún wa pé “candidate” ni àwọn lọ́dọ̀ CAPTE, mo sì rò pé wọ́n ti gbà wọ́n wọlé ni, láìmọ̀ pé ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ni pé wọ́n ṣì ń yẹ̀ wọ́n wò. Nígbà tí sáà kẹta fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó wa jọ sí yàrá kan, wọ́n ní àwọn kò bá ìbéèrè fún ìfọwọ́sí CAPTE lọ mọ́. Kọ́lẹ́jì mìíràn kò gba ohun tí mo ti kọ́ níbẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́jì ìjọba àdúgbò, níbi tí owó rẹ̀ ti kéré gan-an, pẹ̀lú gbèsè ti àkọ́kọ́ lọ́rùn. Nítorí náà, fi ojú ara rẹ wá orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà nínú àkọsílẹ̀ CAPTE, kí o sì béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ wọn tó ń parí ẹ̀kọ́ àti iye tó ń yege ìdánwò, nítorí dandan ni fún wọn láti gbé iye náà síta.

Ẹ̀kọ́ náà kò rọrùn fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí o tún ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara kà, bí èyí tí o kà nílé bá ti pẹ́. Nígbà tí ó bá sì di àkókò ìkọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn, gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ ni wàá wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, nítorí náà tọ́jú owó ilé àti oúnjẹ oṣù mẹ́rin sílẹ̀. Ìdánwò àfọwọ́ṣe ni mo bẹ̀rù jù. Wọ́n ní kí n gbé ẹnì kan láti orí ibùsùn bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Mo ti de bẹ́líìtì mọ́ ọn nídìí, mo ti fi orúnkún mi ti orúnkún rẹ̀, mo sì ti ń ka ení, èjì, nígbà tí olùkọ́ gbé ọwọ́ sókè: mo ti gbàgbé láti ti búréèkì ẹ̀gbẹ́ òsì. Ìyẹn nìkan tó láti fìdí rẹmi, bí gbogbo ìyókù tilẹ̀ dára. Títí di òní, mo máa ń fọwọ́ kan búréèkì méjèèjì kí n tó kí aláìsàn.

Ní ti owó, ìjọba àpapọ̀ sọ pé ní oṣù Karùn-ún 2023, iye tó wà láàárín gbùngbùn fún PTA jẹ́ $64,080 lọ́dún, èyí ni pé ìdajì wa ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdajì yòókù kò sì tó o. Àwọn “aide”, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ ní kíníìkì tí kò nílò ìwé àṣẹ, wà ní nǹkan bí $33,000, oníṣẹ́ físíò gan-an sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $100,000. Ṣùgbọ́n má ṣe fi $64,080 ṣe ìṣirò ọdún àkọ́kọ́ rẹ. Dọ́là 24 fún wákàtí kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní kíníìkì tí àwọn aláìsàn ti ń wá láti ilé, irú ibi bẹ́ẹ̀ ni owó sì sábà máa ń kéré sí. Láti oṣù Kínní 2022, bí PTA bá ṣe iṣẹ́ tó wà lábẹ́ Part B, apá kan nínú Medicare, ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ tó wà fún àwọn àgbàlagbà jù, tó ń sanwó irú ìtọ́jú kíníìkì bẹ́ẹ̀, ìdá 85 nínú 100 ohun tí Medicare ìbá san fún oníṣẹ́ físíò ni ó ń san, ọ̀gá kíníìkì sì ń rántí èyí nígbà tí o bá ní kí ó fi kún owó rẹ.

Ilé ìtọ́jú arúgbó ń san dáadáa, ṣùgbọ́n mọ ohun tí wọ́n ń rà. Níbi tí mo lọ, ìdá 90 nínú 100 àkókò wa ni wọ́n ń béèrè. Nínú wákàtí mẹ́jọ, wákàtí méje àti ìṣẹ́jú 12 gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìtọ́jú aláìsàn gan-an. Ìwé kíkọ, rírìn láti yàrá dé yàrá, àti dídúró de ìyá àgbà tó wà ní ilé ìwẹ̀, ìṣẹ́jú 48 ni gbogbo rẹ̀ ní. Nígbà tí Medicare yí ọ̀nà tí ó ń gbà san owó fún àwọn ilé yìí padà ní oṣù Kẹwàá 2019, tí iye ìṣẹ́jú ìtọ́jú kò fi kún owó wọn mọ́, wákàtí mi lọ sílẹ̀ láti 40 sí 28 lọ́sẹ̀ láàárín oṣù kan. Ìbẹ̀wò sí ilé aláìsàn ni mo ń ṣe báyìí, òun ló sì ń mówó wọlé fún mi jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye ilé tí mo bá dé ni wọ́n ń san, wọn kì í san fún wákàtí tí mo lò nínú gòsúlóò Houston.

O béèrè bóyá o lè ti ibẹ̀ di oníṣẹ́ físíò. Oyè dókítà físíò ni wọ́n ń béèrè, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, ètò tó sì ń mú PTA gorí rẹ̀ bí irú ti University of Findlay ní Ohio ṣọ̀wọ́n gan-an. Bí ìyẹn bá jẹ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ, báọ́lọ́jì rẹ lè gbé ọ lọ tààrà ju kí o gba ọ̀nà PTA lọ. Ní ti ìyàwó rẹ tó kàwé físíò ní Ìbàdàn, má jẹ́ kó forúkọ sílẹ̀ fún PTA rárá; kí ó kọ́kọ́ fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí FCCPT, àjọ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí àwọn tó kàwé físíò ní òkèèrè wò, kí wọ́n wò ó bóyá ó lè jókòó fún ìdánwò oníṣẹ́ físíò.

Bí o bá rí “candidate” lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn, má san kọ́bọ̀, kọ̀wé sí mi kí ọjọ́ Ẹtì tó pé.